Àwòdì Nínú Ẹ̀rọ

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ló sọ ọ́ ní Àwòdì, nítorí pé àṣìṣe kì í ríbi sá sí bí ojú rẹ̀ bá ti bà lé ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbé e, bírò pupa lọ́wọ́. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa àṣìṣe rẹ́. Ìlà kan ni wọ́n máa ń fà sí i láàárín, kí gbogbo ayé ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ ìlà náà. Wọ́n á kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe é yóò fọwọ́ sí i. Ogún ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tó sì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé ò lè ka ojú ewé kan parí kí oorun má gbé wọn lọ. Kì í fi pa mọ́ pé òun ò ka irú wọn kún. "Wọ́n lójú," ni yóò wí, "wọn ò kàn fi ríran ni."

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn ará ilé ìtẹ̀wé mọ̀ nípa rẹ̀, tí wọn kì í sọ lójú rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní sikisofiréníà ti mú un. Ó máa ń gbọ́ ohùn àwọn méjì kan tí ẹlòmíràn ò gbọ́: bàbá àgbà kan tí kò mọ̀ ju "Wò ó, wò ó" lọ, àti obìnrin kan tó máa ń ka gbogbo àṣìṣe ayé rẹ̀ fún un láti kékeré. Ó sọ wọ́n ní àwọn ayálégbé. Oògùn tó ń lò báyìí ti lé wọn sí yàrá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri ni, wọ́n á sì tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí dókítà rẹ̀ tó rí ìwọ̀n tó bá a lára mu, ìlọ́po méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, lẹ́tà ń rìn lórí ìwé bí èèrà. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi lè ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tó padà dé: òun dúró dè é lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní lè dúró dè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ sí ilé ìwádìí. Olùkọ́ ìṣirò ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ni kò sì jẹ́ kí Àwòdì di ẹni ìgboro láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í pè é: "O ti lo oògùn?" Bí wọ́n bá pàdé, ojú àbúrò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kí i. Àwòdì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹ̀wò yẹn máa ń dùn ún dé ọkàn. Ohun tó ń wá láyé yìí ò pọ̀: kí ẹ̀gbọ́n òun wo ojú òun lọ́jọ́ kan láìwá nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ mọ ìdí tí ọkàn àwọn tó ní irú àìsàn yìí kì í fi dúró lójú kan," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ ẹ bó o ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Wọ́n á ya tèmi náà, nítorí ọmọ ìyá ni wá, wọ́n á wá fi wéra wọn."

"Ọkàn ta ni ò dúró lójú kan?" ni Àwòdì béèrè.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Ká lọ ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Ìsàlẹ̀ ilé ńlá kan ni yàrá ẹ̀rọ náà wà, àtẹ̀gùn méjìlélógún ni ènìyàn yóò sọ̀ kó tó débẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù, tó ń darí ẹ̀rọ, ló gbà wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì dé. Obìnrin náà ní tí iṣẹ́ bá dé ìdajì ni wọ́n máa ń wọlé. Ó nà fọ́ọ̀mù sí wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòdì jókòó, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú ewé karùn-ún dà?"

"Ṣé kò sí níbẹ̀ ni, sà?"

"Láti orí ẹẹ́rin ló ti fò bọ́ sórí ẹẹ́fà."

Obìnrin náà wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ti ẹ̀gbọ́n, ó wo gbogbo èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ojú ewé karùn-ún nínú ìkankan. Ènìyàn mélòó ló ti fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí? Mọ́kànlélógójì, ni obìnrin náà dáhùn, ojú sì tì í díẹ̀. Ó lọ tẹ ojú ewé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun gbọ́ ohùn nínú ẹ̀rọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fi tó dókítà ẹni náà létí. Àwòdì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fọwọ́ sí i. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló ti buwọ́ lu ohun tí wọn ò rí, ní ilé tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àfiyèsí! Inú rẹ̀ dùn, irú dídùn inú tí kì í ṣe ti ẹni rere.

Wọ́n gba bàtà rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ àti aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé òòfà ńlá ló wà nínú ẹ̀rọ náà, kì í fẹ́ rí irin. Wọ́n tì í wọ inú rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Wọ́n fi íafóònù bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Dígí kékeré kan wà lókè ojú rẹ̀ níbi tó ti lè rí nọ́ńbà. Bí ẹẹ́ta bá jáde, tí eéje tẹ̀ lé e, kó tẹ bọ́tìnnì. Bí nọ́ńbà mìíràn bá tẹ̀ lé ẹẹ́ta, kó má tẹ nǹkan kan. Bí eéje bá dá wá, kó fi sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà," ni ohùn obìnrin náà wí nínú íafóònù. "Ẹ má mira o."

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbà-gbà-gbà. Nọ́ńbà ń jáde. Ẹ̀rín pa Àwòdì. Ẹni tó ti ka ìwé àlàyé oògùn olójú ewé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, tó rí ẹyọ àmì ìdánudúró kan tó ṣìnà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ẹẹ́ta àti eéje dán wò. Kò tàsé ẹyọ kan. Ìdajì àkọ́kọ́ parí, obìnrin náà kí i kú iṣẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀, ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin.

"Mo ní kí wọ́n wá tún òrùlé yẹn ṣe lóṣù tó kọjá," ni ohùn náà wí, ketekete, láàárín etí rẹ̀ méjèèjì. "Wọn ò wá. Àjà ilé ìwẹ̀ wá já lé ìyá ìyàwó mi lórí láàárọ̀ yìí. Inú omi ni wọ́n wà!"

Àwòdì tẹ bọ́tìnnì nígbà tí kò yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ó fara balẹ̀, ó tẹ́tí. Ó mọ àwọn ayálégbé rẹ̀ bí ẹni mọ ará ilé. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn. Wọn kì í jẹun, wọn ò ní àna, ilé ẹnikẹ́ni kì í jò lójú wọn. Bàbá àgbà ò sọ fún un rí pé àjà já. Ẹni gidi ló ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ní ìyá ìyàwó.

"Wo eléyìí náà," ni ohùn náà tún wí. "Ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, ó ti ń bàjẹ́. Mi ò ti sọ fún ẹ? Ọkàn wọn dà bí ajere. Ohun yòówù kó o bù sí i, yóò jò dànù ni."

Eéje ti kọjá. Ta ni yóò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun ní ajere tí yóò ráyè eéje? Rọ́bà kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tó lè fún bó bá fẹ́ kí wọ́n fa òun jáde, ṣùgbọ́n bó bá fún un, wọ́n á kọ ọ́ pé kò lè fara dà á. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú ń bí i, ó ń tàsé nọ́ńbà, ó sì ń gbọ́ bí ìyá ìyàwó ọkùnrin náà ṣe kọ̀ tí wọn ò lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró. Ọkùnrin gíga kan wọlé, ìwé ńlá kan lábíyá. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Lórí àfiyèsí ni, bí ọkàn ènìyàn ṣe ń dúró sójú kan àti ohun tó ń mú un ṣáko. Ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, kò sì síbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ tí kì í gbé e dání.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí fún ẹ̀gbọ́n. Ó wá kọjú sí Àwòdì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. "O káàbọ̀."

Bó ṣe la ẹnu báyìí, Àwòdì dá ohùn náà mọ̀.

"Yàtọ̀ sí ariwo ẹ̀rọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè, "ǹjẹ́ o gbọ́ ohùn kankan níbẹ̀?"

"Mo gbọ́, sà."

Bírò sáré lórí ìwé. "Ohùn ọkùnrin àbí tobìnrin?"

"Tọkùnrin."

"Ṣé ó bú ọ?"

"Ó ní ọkàn mi dà bí ajere."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ "ajere" sílẹ̀, ó tilẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó rí ohun iyebíye he. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun tìkára rẹ̀ jáde ní bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn ló ń kọ yìí, kò sì dá a mọ̀. Ó ti sọ ọ́ nípa ènìyàn tó pọ̀ débi pé etí tirẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́.

"Ta lo rò pé ó ni ohùn náà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí tàánú-tàánú. Ó kọ ìlà kan sí i. Ó wá gba orí Àwòdì bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọmọdé jókòó sí àárín òun àti àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ó wọ́pọ̀ lára wọn, mà. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń sọ̀rọ̀ nínú orí àwọn."

"Kì í ṣe inú orí mi," ni Àwòdì wí. "Inú íafóònù ni. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ìyá..."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. "Àbúrò mi, ó tó."

Ó rọra sọ ọ́ ni, pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò láyé ìgbà tí àìsàn náà le, tí Àwòdì ń bá ògiri jà. Àwòdì wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti gbà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó pa ẹnu dé. Kò sí ohun tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu bíi kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ṣàánú rẹ̀.

"Màá kọ̀wé sí dókítà rẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n. "Ohùn ti padà dé, ọkàn rẹ̀ sì dàrú pátápátá ní ìdajì kejì. Mo rò pé kí wọ́n sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì."

Ìlọ́po méjì. Àwòdì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀. Wọn ò tíì gbọ̀n. Ọjọ́ Ajé, ìwé ìṣègùn kan ń dúró dè é nílé ìtẹ̀wé, ọ̀gá sì ti sọ tirẹ̀.

Ó kan ẹ̀gbọ́n láti wọ ẹ̀rọ. Inú àpótí yàrá ìdarí ni bàtà àti bẹ́líìtì Àwòdì wà, obìnrin aláṣọ búlúù ní kó jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ná, òun á bá a ṣí àpótí náà bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ó jókòó, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà dojú kọ kọ̀ǹpútà. Máíkì kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, bọ́tìnnì gbọọrọ kan wà nídìí rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, iná pupa kékeré kan á tàn, yóò sọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ. Bó bá fi í sílẹ̀, iná á kú. Ìdajì àkọ́kọ́ parí, ẹ̀gbọ́n ò tàsé ẹyọ kan.

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó ń pariwo sí ẹnì kan lórí fóònù nípa páànù òrùlé. Kò tilẹ̀ rí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, pàà, síbi tó máa ń gbé e sí. Etí ìwé náà bọ́ sórí bọ́tìnnì gbọọrọ. Iná pupa tàn, kò sì kú mọ́.

Àwòdì rí i. Obìnrin náà ò rí i, nítorí ìwé náà ga ju iná lọ níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rí i nítorí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ìwé tí wọ́n kọ lórí àfiyèsí ló sùn lé bọ́tìnnì yìí!

Ó ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé ìwé náà, iná á kú, yóò wá ku ọ̀rọ̀ alárùn ọpọlọ àti ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tí ò mọ èyí tí wọ́n máa gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ńkọ́? Ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó dákẹ́.

"Ìyá ìyàwó mi ti dì mọ́ bẹ́ẹ̀dì o," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí fún obìnrin náà, ó sọ fóònù sápò. "Ó ní àjà fọ́ òun lórí, òun ò lè rìnrìn àjò. Orí tí páànù ò lè fọ́!" Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀gbọ́n yìí náà sì nìyẹn. Ṣé o rí bó ṣe ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹṣu? Ó dá mi lójú pé kò lọ́kọ. Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Wèrè yẹn ló fi ṣe ọkọ, òun ló fi ṣe ọmọ."

Obìnrin aláṣọ búlúù ò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé kò dáa. "Ó ti ń tàsé, sà," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Àwòdì láyà bí òkò. Ìka kan péré ni ì bá fi ti ìwé náà kúrò. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun dùbúlẹ̀ sínú ihò yẹn, wọ́n de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lè yí ojú sápá kan, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́ létí. Ojú tì í, ó sì jókòó síbẹ̀. Kò parọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn títí dòní.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ní ọ́fíìsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n mú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. "Yàtọ̀ sí ariwo ẹ̀rọ, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohùn kankan, mà?"

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀. Àwòdì ń retí. Ọdún mọ́kànlá ló kó sínú ìretí yẹn.

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ariwo ẹ̀rọ nìkan ni."

"Ẹ tàsé díẹ̀ ní ìdajì kejì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ti rẹ̀ yín ni. Ó máa ń ṣe àwọn tí ara wọn dá bẹ́ẹ̀. A óò yọ apá yẹn kúrò." Ti Àwòdì, tó tàsé ní ìdajì kejì kan náà, wọn ò yọ ọ́. Àìsàn ni tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n di lẹ́tà sínú àpòòwé, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n, kò nà án sí ẹni tó ni ọpọlọ.

Àwòdì gba bàtà rẹ̀, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ. Wọ́n ti gùn tó mẹ́wàá kí ẹ̀gbọ́n tó dúró, tó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí.

"Mo mọ̀. Mo wà ní yàrá ìdarí. Ìwé rẹ̀ ló gbé lé bọ́tìnnì máíkì, mo rí iná."

"O wà níbẹ̀? O jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ mi báyẹn?"

"Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni. Ẹ dárí jì mí." Ó sún mọ́ ọn. "Kí ló wá dé tí ẹ sọ pé rárá?"

Ẹ̀gbọ́n ò wo ojú rẹ̀. "Kí wọ́n má baà kọ ọ́ sílẹ̀."

Àwòdì ti fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín kíkorò kúkúrú kan. Olùkọ́ àgbà, ẹni tí kò bẹ̀rù ọ̀gá ilé ìwé, tí kò bẹ̀rù bàbá ọmọ kankan, ogún ìṣẹ́jú péré ló lò nínú ihò yẹn tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ tí òun ń pa láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ibi tí mò ń gbé nìyẹn. Àmọ́ wọ́n ti kọ tèmi sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo àpòòwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú Àwòdì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kò sì jọ pé ó ń wá nǹkan kan. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dún ko-ko-ko lórí àtẹ̀gùn bíi tolùkọ́ tó ń bọ̀ ní kíláàsì aláriwo.

Yàrá ìdarí ni wọ́n ti bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun àti obìnrin aláṣọ búlúù ń wo àwòrán ọpọlọ. Ìwé rẹ̀ ti padà sórí ìtẹ́ rẹ̀, lórí bọ́tìnnì máíkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ẹ̀gbọ́n wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo gbàgbé láti béèrè. Ìyá ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé orí tí àjà já lé ti fúyẹ́?"

"A dúpẹ́, wọ́n ti..." Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n rí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Àwòdì gan-an ló wà nílẹ̀ tó ń wò ó.

"Ẹ sọ ọ́ sí mi létí," ni ẹ̀gbọ́n ń bá a lọ. "Ẹ tún ní mi ò lọ́kọ. Òótọ́ ni. Ẹ ní mo ń ṣọ́ àbúrò mi bí ewúrẹ́. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́, Ọlọ́run á dárí jì mí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún yín ní ọ́fíìsì, àbúrò mi ló sọ òótọ́."

Àwòdì na ìka sí ìwé náà. Obìnrin aláṣọ búlúù gbé e kúrò. Bọ́tìnnì náà dún ká, iná pupa kú. Obìnrin náà dúró pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

"Ìdajì kejì lẹ máa ń wọlé, sà. Gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ náà lẹ sì máa ń gbé e sí."

"Ìdajì kejì ni ọkàn wọn sì máa ń dàrú," ni Àwòdì wí. "Ohun tí ẹ fẹ́ kọ sínú ìwé tuntun yín nìyẹn, àbí? Mọ́kànlélógójì. Èyí tó ṣàìsàn, ẹ ní àìsàn ni. Èyí tí ara rẹ̀ dá, ẹ ní ó rẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù."

"Àṣìṣe kékeré ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Ẹ̀rọ ló gbé ìwé lé ara rẹ̀ lórí! Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ sí àpòòwé, ó ní kí wọ́n mú un wá, òun á fà á ya, òun á kọ òmíràn, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ nà án sí i, ṣùgbọ́n Àwòdì gbà á, ó ṣí i, ó tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó sì yọ bírò pupa rẹ̀ láti inú báàgì.

"Ẹ má fà á ya. Ẹ fa ìlà sí i láàárín, kí dókítà mi lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá fọwọ́ sí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba bírò náà. Ó fa ìlà sí "ohùn ti padà dé". Ó fa ìlà sí "ìlọ́po méjì". Ó dé orí "ajere", etí rẹ̀ pọ́n, ó fa ìlà sí ìyẹn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé Àwòdì ní láti bá a di ìwé náà mú. Nígbà tó fọwọ́ sí i tán, ó ronú, ó fẹ́ gba nǹkan kan padà nínú iyì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi "ẹ" bá Àwòdì sọ̀rọ̀. "Fún ti ìwádìí lásán ni mo fi ń béèrè. Àwọn ohùn tiyín gan-an, èyí tí ẹ máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ wọ́n sọ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ?"

Àwòdì dé bírò rẹ̀, ó fi í sápò.

"Rárá, sà," ló wí. "Wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ojú ló tì wọ́n, wọ́n dákẹ́."